Ẹsẹ̀ Ló Ń Gbé Ẹ̀ṣẹ́: Bàbá Alágogo Dá Àwọn Òǹkàwé Lóhùn

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló gba gbogbo yín lọ́kàn. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lé lórí jù, torí ó kan bàbá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi ni mo ń lu agogo níbi ìdíje ẹ̀ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Iléṣà níbí, láti 1973 títí di 1988. Tábìlì alágogo máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì gan-an, ibi onígun mẹ́rin tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá jókòó, ojú mi àti tapólì tí wọ́n ń jà lórí ẹ̀ á dọ́gba. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wo bàtà. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ń wo ojú àti ìbọ̀wọ́, wọ́n ń pariwo. Èmi ti máa ń mọ ẹni tí wọ́n máa nà kí wọ́n tó nà án, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ sọ fún mi. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lẹ́nu mi nígbà gbogbo.

*Bàbá Alágogo, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àríyànjiyàn kan ti ń lọ láti ìgbà Kérésì. Ọ̀gá wa ní bí Dick Tiger bá pàdé Marvin Hagler nígbà tí ara àwọn méjèèjì ṣì le koko, Tiger á nà án. Èmi ní Hagler ni. Kí lẹ rí sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ọmọ Nàìjíríà ni Tiger fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. — Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà*

Ọmọ mi, o ṣeun tó o mú àwọn tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá Tiger á na Mike Tyson, n kì í sì í dá wọn lóhùn, torí ẹni tó wọn pọ́n-ùn 160 kò ní ohun tó fẹ́ ṣe níwájú ẹni tó wọn 218. Tiger àti Hagler ará Amẹ́ríkà, pọ́n-ùn 160 ni àwọn méjèèjì fi gba bẹ́líìtì ọ̀gá àgbáyé. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 ni gíga Tiger. Hagler fi íǹṣì kan àbọ̀ jù ú lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi jìnnà síra. Bí Hagler bá na apá rẹ̀ méjèèjì, íǹṣì 75 ni, ti Tiger jẹ́ 71. Fi íǹṣì mẹ́rin yẹn sọ́kàn, a máa padà wá sórí rẹ̀.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà. Yóò gbé e lọ sí ìlú ẹni ẹlẹ́ni, yóò tà á láwìn, tó bá di ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, yóò padà lọ gbowó. Bí onígbèsè bá ní òun ò tíì rí owó, bàbá mi kò ní jà, kò ní pariwo. Yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé onítọ̀hún, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹni náà yóò fi rí i pé kò sí ọ̀nà tí òun fẹ́ gbà jáde láìsanwó. Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi: ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀ ọ́n.

Ní August 1963, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wọ bọ̀lẹ̀kájà níbí, wọ́n gba Ifẹ̀ àti Gbọ̀ngán kọjá, wọ́n lọ sí Liberty Stadium ní Ìbàdàn, pápá tí wọ́n ti wá fi orúkọ Obafemi Awolowo pè báyìí. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni Dick Tiger àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà pàdé lẹ́ẹ̀kẹta. Tiger ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní October 1962, lẹ́yìn ráùǹdì 15, ìyẹn abala 15 tí wọ́n pín ìjà sí. Wọ́n tún jà ní Las Vegas ní February 1963, ọ̀mì ni. Ti Ìbàdàn yìí ni ìjà bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n jà ní ilẹ̀ àwa adúláwọ̀ ní Áfíríkà. Lẹ́yìn ráùǹdì keje, Fullmer kò dìde lórí àpótí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi dé, ohùn rẹ̀ ti há. Mo bi í pé báwo ni Tiger ṣe nà án. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú igi, ó fa onígun mẹ́rin sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ iwájú ilé wa, ó fi òkúta kan ṣe Fullmer, ó fi ẹkùrọ́ kan ṣe Tiger. Ó ń ti ẹkùrọ́ náà síwájú díẹ̀, á dúró, á tún tì í díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kejì ń fa òkúta sẹ́yìn, títí òkúta fi dé igun, tí kò ríbi lọ mọ́. Ó wá ní, “Kò lé e o. Ilẹ̀ ló ń gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń gbowó mi nìyẹn.”

Láti ìgbà náà títí dòní, n kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé Dick Tiger jù báyẹn lọ. Mo ti wo ìjà rẹ̀ nínú fídíò lẹ́yìn náà, ohun tí bàbá mi fi ẹkùrọ́ ṣe gan-an ni mo rí. Ọwọ́ méjèèjì wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n wọlé sáyà, ìgúnpá so mọ́ ìhà. Ẹsẹ̀ òsì á kọ́kọ́ sún, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ̀ lé e, kò sí ìgbà tí ọ̀kan máa dábùú èkejì. Kì í fò. Kì í sáré. Húùkù ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tó máa ń yí gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ni gbogbo ayé bẹ̀rù, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: kì í jù ú àfi tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀. Ilẹ̀ ni agbára yẹn ti ń wá, ó ń gba orúnkún, ó ń gba ìbàdí, kó tó dé ọwọ́. Rubin Carter, tí wọ́n ń pè ní Hurricane, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tiger gbé e ṣubú ní Madison Square Garden ní 1965.

Kí a tó yin ẹnì kan tán, ó yẹ ká wo àwọn tó nà án. Joey Giardello gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Tiger ní December 1963, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn Ìbàdàn. Joey Archer nà án ní 1964. Emile Griffith nà án ní 1966, lẹ́yìn tí Tiger ti gba bẹ́líìtì padà lọ́wọ́ Giardello. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé e ṣubú tí kò fi dìde. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi nà án. Wọn kò dúró síbi tó fẹ́ kí wọ́n dúró sí, wọ́n ń gúnni wọ́n ń yí kúrò, adájọ́ sì ń kọ máàkì. Ẹni kan ṣoṣo tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí rẹfirí ka ẹ̀wá ni Bob Foster ní 1968, ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3. Ìwọ̀n tó wúwo ju pọ́n-ùn 160 lọ dáadáa ni wọ́n sì fi jà á.

Ó kan Hagler wàyí. Newark ni wọ́n ti bí i, Brockton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ló ti di akànṣẹ́. Ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Alan Minter ní London ní September 1980, ráùǹdì mẹ́ta péré, ó sì dì í mú títí di April 1987. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n wá gbà á tí wọn ò rí i gbà. Ìjà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni èyí tó bá Thomas Hearns jà ní 1985, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti bò ó lójú tó sì dá Hearns nù ní ráùǹdì kẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìjà yẹn kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Tiger fún wa. Èyí tó bá Roberto Duran jà ní 1983 ló lè sọ ọ́. Duran kúrú, ó lóye, kò sá, kò sì wọlé bí wèrè, ó dúró síbi tí ẹ̀ṣẹ́ Hagler ti máa ń pẹ́ kó tó dé. Hagler wá di oníṣọ̀ọ́ra. Ráùǹdì méjì ìkẹyìn ló fi gba ìjà náà. Ẹ̀rù ọkùnrin kúkúrú tó fara balẹ̀ máa ń bà á. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ ti rí nǹkan tó ń sọ, kó o má fojú di í.

Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni Hagler. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń fi síwájú, tí ẹsẹ̀ òsì á wà lẹ́yìn. Kí o lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, màá sọ ohun tí mo fojú mi rí.

Ní nǹkan bí 1979, àwọn ọmọ Ifẹ̀ wá bá àwọn ọmọ wa jà ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Òkèṣà. Ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun tó ń pò lójoojúmọ́ ti sọ èjìká rẹ̀ di igi ìrókò, húùkù òsì rẹ̀ kò sì ní ẹlẹgbẹ́ láti ibí dé Òṣogbo. Wọ́n mú ọmọ mẹkáníìkì kan láti Láàgéré ní Ifẹ̀ wá bá a, tín-ín-rín, ọlọ́wọ́ òsì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń káàánú ọmọ Ifẹ̀. Mo lu agogo. Láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ Ifẹ̀ àti ẹsẹ̀ òsì ọmọ wa ti ń wá orí ilẹ̀ kan náà, ìka bàtà sí ìka bàtà. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá pàdé ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ iwájú wọn á dojú kọra bí àgbò méjì. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ sí ìta ti ẹnì kejì, òun ni ọ̀nà ṣí fún. Ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá ju húùkù rẹ̀, èjìká ọ̀tún ọmọ náà ló ń bà, torí èjìká yẹn ló wà níwájú bí ìlẹ̀kùn. Ráùǹdì mẹ́ta parí, ọwọ́ ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n gbé sókè. Ọmọ wa sunkún lórí àpótí. Ó ń bi àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Wọ́n ní kò ju ẹ̀ṣẹ́ tó. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì lọ bá a lọ́jọ́ kejì níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo fi ìyẹ̀fun ya ìlà sílẹ̀, mo fi hàn án.

Ó yẹ kí o ti rí ibi tí mò ń lọ. Ohun ìjà Tiger tó burú jù lọ ni húùkù òsì, ìdúró Hagler gan-an sì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ húùkù òsì. Fi íǹṣì mẹ́rin tí mo ní kí o fi sọ́kàn kún un: jáàbù ọwọ́ ọ̀tún Hagler, ẹ̀ṣẹ́ agúnni tààrà yẹn, á máa dé ojú Tiger kí Tiger tó dé ibi tó ń lọ.

Ráùǹdì 15 ni màá fi wọ́n jà, torí òun ni ìjà bẹ́líìtì nígbà ayé Tiger, Hagler náà sì jà á. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ti Hagler ni. Tiger á máa sún mọ́ ọn, á máa gba jáàbù lójú, kò ní bìkítà. Láti ìkarùn-ún sí ìkẹsàn-án ni nǹkan á yí padà. Tiger á fi húùkù sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún lọ tààrà, òun sì ni oògùn ọlọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀ á ti dín kù lábẹ́ ẹsẹ̀ Hagler. Ìgbéraga Hagler wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ń sá. John Mugabi ọmọ Uganda dúró tì í ní 1986, Hagler náà dúró, wọ́n ń fún ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ títí di ráùǹdì 11 kó tó dá a nù. Tó bá dúró ti Tiger bẹ́ẹ̀, ìhà rẹ̀ á gbọ́ ọ. Nínú márùn-ún yẹn mo fún Tiger ní mẹ́rin. Láti ìkẹwàá sí ìkẹtàlá, Hagler á rántí ara rẹ̀. Á máa pààrọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀tún síwájú, òsì síwájú, ọ̀tún padà, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni tí mo tíì rí lọ. Gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀, Tiger á ní láti tún ìdúró rẹ̀ ṣe kó tó lè ju ẹ̀ṣẹ́, bí ẹni tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tí onígbèsè ń jáde lẹ́yìnkùlé. Mẹ́ta fún Hagler, ọ̀kan fún Tiger. Méjì tó kù, kálukú mú ọ̀kan. Kò sí ẹni tó máa ṣubú. Hagler mẹ́sàn-án, Tiger mẹ́fà.

Ohun kan ṣoṣo ló lè yí i padà. Nígbà tí Hagler pàdé Sugar Ray Leonard ní 1987, ẹsẹ̀ òsì ló fi síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí ẹni tó fipá mú un. Ó sọ ráùǹdì wọ̀nyẹn nù, òun ló sì pàdánù bẹ́líìtì nígbà tí adájọ́ ka máàkì, méjì sí ọ̀kan. Bó bá dán irú ẹ̀ wò níwájú Dick Tiger, ìlẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, húùkù òsì á wọlé, n óò sì gba gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí padà.

Bàbá mi rí Hagler lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní fídíò, a lọ wo ti Hearns níbẹ̀. Ó wò ó tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Òṣómàáló ni eléyìí náà.” Mo bi í pé òun àti Tiger ńkọ́. Ó ní ti Tiger ni, ó dìde, ó lọ sùn. Ó ti di olóògbé báyìí. Ó dùn mí láti kọ Hagler síhìn-ín, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

*Ẹ kú déédéé ìwòyí, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Gánà, ó ní kò sí akànṣẹ́ kékeré kankan ní Nàìjíríà rí tó lè bá Azumah Nelson jà. Mo dárúkọ Hogan Bassey fún un. Ǹjẹ́ mo jàre? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ifẹ̀*

O jàre láti dárúkọ rẹ̀. Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Ó na Cherif Hamia ní Paris ní June 1957, ráùǹdì kẹwàá. Pọ́n-ùn 126 ni ìwọ̀n rẹ̀, òun náà ni ìwọ̀n tí Azumah fi kọ́kọ́ di ọ̀gá àgbáyé, nítorí náà ìjà tó tọ́ ni.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń ṣiyèméjì nípa Bassey, sọ ti Willie Pep fún un. Pep yìí, bí ẹ bá ń lé e bí ẹni ń lé èéfín ni. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára tó tirẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Ó ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí òun àti Bassey pàdé ní Boston ní 1958, síbẹ̀ òun ló ń borí nínú máàkì. Bassey kò mikàn. Ó ń rìn tẹ̀ lé e, ó ń rìn tẹ̀ lé e, ó mú un ní ráùǹdì kẹsàn-án, ó sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Azumah kì í ṣe èéfín. Azumah fẹ́ kí o wá bá òun. Ìṣòro Bassey nìyẹn. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3 péré ni, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó wọlé lọ, ẹnu ọ̀nà yẹn ni Azumah sì máa ń dúró sí pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Davey Moore ṣe irú ẹ̀ fún Bassey lẹ́ẹ̀mejì ní Los Angeles ní 1959, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Bassey kò jáde láti igun rẹ̀ mọ́. Azumah sì máa ń le sí i bí ìjà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni. Ọmọ tí kò tíì lórúkọ ni nígbà tí wọ́n pè é lójijì láti wá bá Salvador Sánchez, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, jà ní New York ní 1982, ráùǹdì 15 ni Sánchez tó lè dá a dúró. Ní 1984 ó lọ bá Wilfredo Gómez ní ìlú Gómez gan-an, San Juan ní Puerto Rico, ó dá a nù ní ráùǹdì 11.

Azumah ni mo fún, ní ráùǹdì 12. Rẹfirí ló máa dá a dúró, Bassey kò ní fẹ́ kó dá a dúró. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ó jàre lórí ẹni tó máa borí, kò jàre pé kò sí ẹni tó lè bá a jà.

*Bàbá, ẹ gbà mí. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí Ali àti Tyson. Ọkọ mi ní Ali á nà án, àbúrò rẹ̀ ní Tyson ni. Àwọn méjèèjì ní ohun tí ẹ bá sọ ni àwọn máa gbà. — Ìyá aláṣọ, Ọjà Àtàkúnmọ́sà*

Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Ali ti 1966, ẹni tó na Cleveland Williams ní Houston, àti Tyson ti 1988, ẹni tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 91 dá Michael Spinks nù, àwọn ni màá mú.

Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán. Húùkù òsì ni àìsàn Ali látilẹ̀wá. Henry Cooper fi gbé e ṣubú ní London ní 1963, Joe Frazier fi gbé e ṣubú ní 1971, kò sì sí ẹni tí húùkù rẹ̀ yára tó ti Tyson. Ráùǹdì mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ọkọ yín má mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ali ni. Cus D'Amato ló kọ́ Tyson ní ìdúró yẹn, ọwọ́ méjèèjì lẹ́nu, orí ń mì lọ mì bọ̀. Òun náà ló kọ́ Floyd Patterson. Ali pàdé Patterson ní 1965 àti 1972, ó nà án nígbà méjèèjì, torí ìdúró yẹn fẹ́ kí ẹnì kejì wà níwájú, Ali kì í sì í wà níwájú. Tyson ju Patterson lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Buster Douglas fi jáàbù lásán ṣe fún un ní Tokyo ní 1990, bẹ́ẹ̀ Douglas kò ní ẹsẹ̀ Ali. Ráùǹdì kẹwàá, Ali.

Ẹ se iyán lọ́jọ́ Àìkú, ẹ pe àbúrò ọkọ yín wá, ẹ ka èyí fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ bọ abọ́.

*Bàbá Alágogo, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́. Ọwọ́ òsì ló ń lò fún gbogbo nǹkan. Mo ti ń bá a wí láti kékeré. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ náà ti ní kó máa fi ẹsẹ̀ òsì síwájú bí àwọn yòókù, ọmọ náà kò sì láyọ̀ mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá àgbà, Iléṣà*

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn yín. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Bó bá ń fún àgbà ní nǹkan, kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún, ẹ má ṣe jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ríìngì kì í ṣe ibi tí a ti ń kí àgbà. Ohun tí Ọlọ́run fún ọmọ yìí, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a, wọn kì í rí i. Ẹ ti ka ohun tí ọmọ Láàgéré fi ṣe ọmọ wa lókè yìí. Ẹni tó ń kọ́ ọ kò ní èrò burúkú, ó rọrùn fún un kí gbogbo ọmọ dúró bákan náà ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí ọmọ náà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan sórí simẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú lápá ọ̀tún ìlà, ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn lápá òsì, àlàfo àárín wọn kó tó èjìká rẹ̀. Kó máa rìn lọ, kó máa rìn bọ̀, ẹsẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gun ìlà, wọn kò sì gbọdọ̀ dábùú ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má ṣe fi ìbọ̀wọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì fi kàn án.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Bẹ́ ẹ bá dé ẹ̀yìn Ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ béèrè alágogo, wọ́n á mú yín wá. Agogo náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.